Ẹni Tó Darí Òjò sí Òṣòdì

Bí ẹ bá dé Àjàó Estate lónìí tí ẹ béèrè ilé Babáṣọlá Fákúnlé, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó nawọ́ síbẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin ẹ má tíì rín tiyín. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ṣì dùn, nígbà tí ọkùnrin náà kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é ní Babáṣọlá lásán.

Dókítà Ojú Ọ̀run ló ń jẹ́ nígbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró kí yín dáadáa, ẹ ó fi Akápò Òjò kún un. Bí ẹ bá wá fẹ́ kó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ ó kà á tán pátá: Dókítà Ojú Ọ̀run, Akápò Òjò, A-tẹ-bọ́tìnnì-kójò-ó-sá. Kò sí ọba tó fi í jẹ ẹ́, kò sí ilé ìwé tó fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tẹ́júọlá ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọkọ òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ó wá ku ẹni tó máa bá a jẹ oyin àti iyọ̀ ibẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ta ṣájà àti àpò fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fara ti ògiri ilé tó ń gbé. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí oòrùn mú tó, táì kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀. Káàdì kan tún wà tó fi okùn búlúù so kọ́rùn. Bó bá ń lọ ra búrẹ́dì, káàdì ń lọ. Bó bá ń pọn omi, káàdì ń mì. Inú káàdì yẹn ni gbogbo wàhálà ti jáde.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òjò Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láyé àná, rédíò á ní òjò máa rọ̀ ní Èkó lónìí. Èkó wo? Ṣé ti Àgbádárìgì ni àbí ti Ẹ̀pẹ́? Òjò lè máa rọ̀ lápá ọ̀tún títì kí wọ́n máa sá gàrí lápá òsì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́ nígbà yẹn, gbogbo ayé ló ń wò pọ̀, gbogbo Èkó pátá kò ju àmì bíńtín kan lọ lójú rẹ̀, kò tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òkun wà lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun wa níbí fikùn lukùn, wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà tiwa-n-tiwa tó jẹ́ pé etí òkun yìí nìkan ló gbájú mọ́. Wọ́n gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu tó fẹ́ dín. Òṣòdì ní gígé tiẹ̀, Ìsọlọ̀ ní tiẹ̀, Àjàó Estate náà ò gbẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà yìí ń ṣírò atẹ́gùn tó ń ti òkun bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń sọ ibi tí òjò máa balẹ̀ sí àti àsìkò tó máa balẹ̀. Ó máa ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí òjò kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tán, ṣùgbọ́n ìgbà tó máa ń bọ́ sí i pọ̀ ju ìgbà tó máa ń ṣì í lọ. Lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ti fi orúkọ àdúgbò rẹ̀, tàbí ti àdúgbò mìíràn tó bá wù ú, ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan lórí fóònù, èsì á máa wọlé fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Kí ìròyìn yìí lè dé etí aráàlú, wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan rán ẹnìkan wá sí sẹ́mínà. Lọ́jọ́ tí Àjàó Estate máa yan ẹni tiwọn, gbogbo èèyàn ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, àwọn oníṣòwò ti lọ sọ́jà. Babáṣọlá nìkan ló jókòó tí ẹnikẹ́ni ò wá ra ṣájà lọ́wọ́ rẹ̀. Ni wọ́n bá rán an. Níbẹ̀, wọ́n fún un ní ìrẹsì àti itan adìyẹ, wọ́n fi káàdì tí wọ́n kọ Aṣojú sí kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù béèrè òjò. Wọ́n ní, "Ẹ lọ sọ fún àwọn èèyàn yín o."

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Babáṣọlá ò fi tẹrú jẹ́ ẹ, kò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣe ló jẹ ìrẹsì, ó jẹ itan adìyẹ, ó sì jẹ iṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́ ọn.

Bó ṣe délé, Tẹ́júọlá bi í pé, "Bàbá Ọlá, kí ni wọ́n ní kí ẹ wá sọ fún wa?"

"Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Kò ṣe é sọ fún gbogbo èèyàn."

"Ṣebí gbogbo èèyàn ni wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ fún."

"Tẹ́júọlá, ohun tí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀, ta ló tún máa kí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n?"

Tẹ́júọlá wò ó títí, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sùlè bíríkìlà fẹ́ da dẹ́kì ilé kan ní àdúgbò. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé òjò àti dẹ́kì tútù kì í ṣọ̀rẹ́. Sùlè ń wá ẹni tó máa bá òun dá òjò dúró, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ìlú wọn ní Ìsẹ́yìn. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Babáṣọlá, ó ń ṣàròyé. Babáṣọlá yọjú wo fóònù lábẹ́ tábìlì. Fóònù ní kò sí òjò ní Àjàó Estate títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó yẹ kí aṣojú sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: Sùlè, kò sí òjò lónìí, máa da dẹ́kì ẹ lọ. Ṣùgbọ́n oyè wo ló wà nínú ìyẹn?

Babáṣọlá na ọrùn sókè. "Fi sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Màá fi kọ̀ǹpútà dá a dúró."

Òjò ò rọ̀. Dẹ́kì gbẹ. Sùlè wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé adìyẹ dání. Babáṣọlá wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún un yìí, ó rí i pé kò sí ohun tó tún dára tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Kò sì sẹ́ni tó bi í pé báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń dá òjò dúró. Kí ló máa yà wọ́n lẹ́nu níbẹ̀? Látayébáyé la ti mọ̀ pé òjò ṣe é dá dúró, ẹni tó máa dá a dúró la kàn ń wá. Báńkì ti di kọ̀ǹpútà, ìdánwò àwọn ọmọ ti di kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná tí à ń rà ti di kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí òjò nìkan ò ní di kọ̀ǹpútà?

Babáṣọlá bá ra òkú kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ra àlòkù irin kiri. Wọ́n ti tú gbogbo ìfun rẹ̀ tà. Ó fi gílóòbù búlúù sínú rẹ̀, ó gbé e ka tábìlì. Bí oníbàárà bá dé, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò wo àjà, yóò mí kanlẹ̀, yóò wá béèrè pé: "Ìdádúró ni àbí ìdarí?"

Ìdádúró ni kí òjò dúró síbi tó wà. Ìdarí ni kí wọ́n tì í lọ síbòmíràn, ìyẹn sì wọ́n ju ìdádúró lọ, nítorí gẹ́gẹ́ bí Dókítà ti wí, òjò tó bá ti kúrò lókun ti ní ibi tó ń lọ lọ́kàn. Bí fóònù abẹ́ tábìlì bá sì sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà wí, Dókítà á mi orí. "Lọ́jọ́ yẹn, ojú ọ̀run ní àlejò. Ẹ sún un síwájú." Wọ́n á sún un, òjò á rọ̀ lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n má fi ṣe é, gbogbo èèyàn á máa yin Akápò Òjò. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà, kò sì sí ọlọ́jà tó lè pàdánù nídìí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Báyìí ló wà títí Iléyá fi kù dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, Túsìdeè tó sì kẹ́yìn kí Iléyá tó dé ni Túsìdeè gbogbo Túsìdeè. Àwọn aláṣọ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ́ àǹkárá àti léèsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀. Àǹtí Àjíbíkẹ́ ni olórí wọn. Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Babáṣọlá.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Dókítà."

Dókítà ò gbójú sókè.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Dókítà Ojú Ọ̀run, Akápò Òjò."

"Háà, Àǹtí Àjíbíkẹ́. Ẹ má bínú, mi ò tètè gbọ́ yín. Mo wà lókè." Ó fi ìka tọ́ka sí àjà.

"Ẹ kú iṣẹ́ òkè. Ọ̀rọ̀ ọjà ọ̀la ni mo bá wá. Ilẹ̀ là ń tẹ́ aṣọ sí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé ló wà nínú ìdì aṣọ yẹn. Bí òjò bá bá wa níbẹ̀, kò sí Iléyá fún wa mọ́ nìyẹn."

Babáṣọlá yọjú wo abẹ́ tábìlì. Aswani àti gbogbo Ìsọlọ̀: ojú ọjọ́ á ṣú, kò sí òjò. Inú rẹ̀ dùn. Ó wo ìlà tó tẹ̀ lé e. Òṣòdì: òjò ńlá lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ fojú sí ibí yìí dáadáa, nítorí ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bí èèyàn nínú. Ó rí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òṣòdì tí ọjà Iléyá kún bámúbámú, òjò ńlá ń bọ̀ níbẹ̀, òun nìkan ló sì mọ̀ ládùúgbò yìí. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé bí òjò bá rọ̀ nítòsí tí kò dé Aswani, yóò mà dára lójú àwọn èèyàn o.

"Ìdádúró ni àbí ìdarí?" ó ní.

"Èwo ló dáa jù?"

"Ìdarí ni tàwọn èèyàn ńlá. Màá darí ẹ̀ sí Òṣòdì."

Àǹtí Àjíbíkẹ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. "Àwọn ará Òṣòdì ńkọ́?"

"Òṣòdì gbòòrò, Àǹtí. Wọ́n á gbà á."

Àǹtí Àjíbíkẹ́ ò béèrè mọ́. Ó na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sanwó.

Lọ́jọ́ kejì, Babáṣọlá gúnlẹ̀ sí Aswani pẹ̀lú táì, káàdì, àti pátákó bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tó fi okùn gbé kọ́ àyà bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún un. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, ojú ọ̀run lápá Òṣòdì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Atẹ́gùn dé, ó ń ká etí aṣọ nílẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, àwọn kan ti ń kó léèsì jọ. Babáṣọlá náà wo òkè. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó yọjú wo fóònù lábẹ́ káàdì. Fóònù ò yí ohùn padà. Ni ọkùnrin bá gun bẹ́ǹṣì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ má ká aṣọ kankan," ó ní. "Ìwọ òjò, èmi Babáṣọlá Fákúnlé ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. O ò gbọdọ̀ wọ Aswani. Òṣòdì ni mo rán ẹ lọ. Òṣòdì ni kóo rọ̀ sí, kóo sì rọ̀ ọ́ dáadáa."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Mànàmáná kọ lókè Òṣòdì. Láti Aswani, wọ́n rí òjò tó wó lulẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tú garawa dànù, ẹ̀kán kan ò sì ṣẹ́ sórí wọn. Ariwo ta. Fóònù ló kún òkè, gbogbo èèyàn ń ká fídíò. Obìnrin kan ní tòun ò mú ohùn rẹ̀ dáadáa. Dókítà ní kó má ṣèyọnu, òun á tún un sọ. Ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ó rọra pe orúkọ rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà ilé rẹ̀ àti òpópónà tó wà ní Àjàó Estate kún un, kí àwọn oníbàárà tuntun má baà ṣìnà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, àwọn ará Aswani wá dúpẹ́. Bàbá Sàláúdéènì, olórí ọjà, ló ṣáájú wọn, Àǹtí Àjíbíkẹ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé fìlà aláràn kan dání, wọ́n láwọn fẹ́ fi Babáṣọlá jẹ Ààrẹ Ojú Ọjọ́ ti Aswani. Gbogbo àdúgbò jáde. Babáṣọlá jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ti na orí sílẹ̀ kí fìlà tó yọ nínú ọ̀rá. Tẹ́júọlá fara ti ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera.

Bàbá Sàláúdéènì gbé fìlà sókè. Ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu géètì. Òmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin bọ́ sílẹ̀, ìdì aṣọ tútù ló wà lórí wọn, omi ń kán tótó sí wọn léjìká. Alhaja Nimotallahi ló ṣíwájú, obìnrin kúkurú kan tó ń ta aṣọ ọmọdé nítòsí ojú irin ní Òṣòdì. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó tú ìdì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá jálàbíà àwọn ọmọdé sórí ògiri. Àwọn yòókù náà tú tiwọn. Wọ́n sá aṣọ sórí géètì, wọ́n sá a sórí gẹnẹrétọ̀, wọ́n sá a sórí pátákó tí wọ́n kọ Dókítà sí.

"Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ̀ ń ṣe nínú ilé mi?" Babáṣọlá béèrè láìdìde, kí fìlà má baà fò ó.

"À ń sá aṣọ," Alhaja Nimotallahi dáhùn.

"Ṣé ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí nìyí?"

"Ṣé ẹ̀yin ni Dókítà Ojú Ọ̀run?"

Babáṣọlá tún táì ṣe. "Èmi ni."

"Akápò Òjò?"

"Èmi náà ni."

"A-tẹ-bọ́tìnnì-kójò-ó-sá?"

"Ẹ pè é re."

"Ẹ̀yin lẹ rán òjò sí Òṣòdì lánàá?"

Alhaja yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Dókítà jáde ketekete, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ilé rẹ̀, àti ibi tó ti ní kí òjò rọ̀ ọ́ dáadáa. Fídíò náà ti yí gbogbo Òṣòdì ká lórí Wàtsáàpù kí ilẹ̀ tó mọ́.

"A ò bá yín jà, Dókítà," ni Alhaja wí. "Ẹ rán òjò sí wa, a gbà á, a ti dá a padà fún yín rèé. Ẹ bá wa fún un. Ẹ bá wa sá a. Ẹ bá wa lọ̀ ọ́. Aṣọ ọmọdé tí mo fẹ́ tà fún Iléyá nìwọ̀nyí, funfun ni wọ́n. Ẹ wò wọ́n báyìí, àwọ̀ aṣọ pupa ti ṣí sí wọn lára. Òun ni mo fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ bá mi sọ wọ́n di funfun kí Iléyá tó dé."

Bàbá Sàláúdéènì wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo aṣọ tútù tó wà lórí ògiri. "Dókítà, ọ̀rọ̀ ò lọ́jú pọ̀," ó ní. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ darí òjò, ẹ dé fìlà, kí ẹ sì gba aṣọ tútù. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ wí, ká gbé fìlà wa lọ."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Babáṣọlá wo fìlà. Ó dára púpọ̀. Ó wo aṣọ. Ó pọ̀ púpọ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ó ní. "Ṣe ni mo kàn júwe ọ̀nà fún òjò. Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn."

"Ẹni tó júwe ilé fún olè ńkọ́?" Alhaja béèrè.

"Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Sùlè bíríkìlà tó wà láàárín èrò wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà jáde kó wá jẹ́rìí ọ̀gá rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹrù wúwo, ó fi agbára gbé e, kọ̀ǹpútà bá fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀, ó là sí méjì. Gílóòbù búlúù kan yí jáde. Aáyán kan tẹ̀ lé e, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sá wọ abẹ́ àga Dókítà.

Tẹ́júọlá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Babáṣọlá dìde. Òógùn ti mú kí táì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láyà. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò darí òjò kankan. Mi ò dá ọ̀kan dúró rí láyé mi. Inú fóònù yìí ni mo ti ń rí i. Àwọn onímọ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà tiwọn ṣírò ẹ̀, wọ́n á sọ ibi tó máa rọ̀ àti ibi tí kò ní rọ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Gbogbo yín lẹ lè rí i. Wọ́n rán mi pé kí n wá sọ fún yín, mi ò kàn sọ ọ́ ni."

Ẹ̀rín wá bú gbàmù. Sùlè di orí mú, ó ń ké pé adìyẹ òun dà. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rín má baà gbé wọn ṣubú. Bàbá Sàláúdéènì rọra ká fìlà, ó dá a padà sínú ọ̀rá. Babáṣọlá náà ń fi ẹ̀rín díẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, ó ti gbà pé bí wọ́n bá ti rín in tán, ó parí nìyẹn, wọ́n á kó aṣọ wọn lọ.

Alhaja Nimotallahi ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Fóònù yẹn," ó ní, "ṣé ó sọ pé òjò ń bọ̀ ní Òṣòdì lánàá?"

"Ó sọ ọ́, Alhaja. Òun ló sọ ọ́, èmi kọ́."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè."

"Láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè." Alhaja mú jálàbíà kékeré kan lórí ògiri, ó ń fún omi inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Náílọ́ọ̀nù ń bẹ nídìí ìsọ̀ mi. Kí èèyàn tó mu omi tán, ǹ bá ti bo gbogbo aṣọ yìí. Mo rò pé òjò lẹ dá dúró, tẹ́ ẹ wá tì í sọ́dọ̀ wa. Àṣé ọ̀rọ̀ lẹ dá dúró."

Babáṣọlá wo ilẹ̀. Ojú tì í gidi, irú ìtìjú tí táì kì í bò. Ẹni tí ojú tún tì lẹ́yìn rẹ̀ ni Àǹtí Àjíbíkẹ́. Ó jáde láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún Alhaja. "Alhaja, mo gbọ́ létí mi pé Òṣòdì ló ń darí ẹ̀ sí. Mo béèrè yín lẹ́ẹ̀kan, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àwọ̀ lára aṣọ. Ẹ jẹ́ ká bá yín ṣe é."

Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Àwọn obìnrin Aswani ká aṣọ wọn sókè, wọ́n jókòó ti bàsíà pẹ̀lú àwọn obìnrin Òṣòdì, wọ́n da oògùn ìfọṣọ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ nínú ọgbà Babáṣọlá. Omi tí wọ́n lò, Dókítà Ojú Ọ̀run ló pọn ọ́n. Bó bá gbé garawa kan dé, ẹnì kan á na fóònù sí i pé kó fi nọ́ńbà òjò han òun, yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò fi hàn án. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, kò sí fóònù kan nínú ọgbà náà tí kò tíì mọ ibi tí òjò ń gbà. Tẹ́júọlá náà na tiẹ̀.

"Bàbá Ọlá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ han èmi náà."

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ funfun tó ti gbẹ jọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kiri ọgbà. Alhaja Nimotallahi ka tiẹ̀ sókè. Òṣòdì: òjò lọ́la, lẹ́yìn ọ̀sán. Ó ti fóònù bọ pọ́ọ̀sì, ó wo Babáṣọlá.

"Dókítà, a ó máa retí yín lọ́la. Ẹ wá fi ẹnu tẹ́ ẹ fi rán òjò sí wa kéde rẹ̀ fún gbogbo ọjà. Ohun tí wọ́n rán yín náà nìyẹn."

Kò lè sọ pé òun ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkùnrin yẹn. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ ni, ìyẹn ò sì lè bá a lára mu. Agbádá funfun tuntun tó ti rán pamọ́ de Iléyá ló gbé wọ̀ lọ sí Òṣòdì, ó ní bí àwọn èèyàn bá rí òun, wọ́n á rò pé àlejò pàtàkì ni. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

"Òjò ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ bo ọjà yín. Òjò ń bọ̀ o."

Wọ́n gbọ́. Wọ́n ń bo ọjà bí wọ́n ti ń gbọ́. Náílọ́ọ̀nù bo aṣọ ọmọdé, ó bo bàtà, ó bo ìborùn, wọ́n fi òkúta tẹ ẹ́ létí. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, kálukú ti wọ abẹ́ ìbòrí ìsọ̀, wọ́n fún ara wọn mọ́ra. Babáṣọlá ṣì wà lójú títì, ó ń gba ìkíni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bà á lágbárí. Ó sáré dé ìsọ̀ Alhaja Nimotallahi, ibẹ̀ kún dé ẹnu.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀. Òjò ti dé."

Alhaja Nimotallahi wo òkè, ó wo agbádá.

"Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì mọra," ó ní. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Aṣọ tó wà ní Òṣòdì lọ́jọ́ náà kò lóǹkà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló tutù.